Jintsu: Ọkọ̀ Ogun Tó Tanná Síra Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ pa iṣẹ́ tì, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọkọ̀ ogun ojú omi Japan, Yamato ló sábà máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn, ọkọ̀ ràgàjì tí ìbọn rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo ọkọ̀ ogun ayé lọ. Èmi ò ní sọ ti Yamato lónìí. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ní ìwúwo. Jintsu lorúkọ rẹ̀. Òru mọ́jú ọjọ́ 13, oṣù keje, ọdún 1943 ló rì, nítòsí erékùṣù Kolombangara, láàrin àwọn erékùṣù Solomon ní Òkun Pàsífíìkì, àwọn 482 nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Ohun tó fà á tí ìbọn gbogbo fi dojú kọ òun nìkan lóru náà ni iná ńlá kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ tàn.

Ẹni tó bá sáré ka ìtàn yẹn lè ní ìwà òmùgọ̀ ni. Ta ni yóò tanná láàrin ọ̀tá lóru? Èmi ò gbà pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kan ọkọ̀ náà ló ń ṣe nígbà tó tanná, iṣẹ́ náà sì ti ń pa èèyàn ọdún mẹ́rìndínlógún kí ogun náà tó dé Kolombangara. Ohun tí mo bá yín wá lónìí nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé tiwa náà ló ní bàbá àgbà tó lọ sí Bọ́mà. Ní ọdún 1943 kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gba orí òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ inú igbó lọ bá Japan jà. Ogun kan náà lèyí tí mo ń sọ, ṣùgbọ́n orí omi ni tèmi, lápá ìlà oòrùn réré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun ayé ìgbà yẹn, àwọn abìrìnkọ́ wà tí irin ara wọn nípọn, tí ìbọn wọn sì ń ta jìnnà. Lápá ìsàlẹ̀, àwọn destroyer wà, kéékèèké, tí eré wọn pọ̀, tí ara wọn fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé tọ̀pídò, ohun ìjà tó ń gba abẹ́ omi lọ gún ọkọ̀ ní ìhà. Kúrúsà wà láàrin àwọn méjèèjì. Orúkọ òkè ni Japan fi ń sọ àwọn kúrúsà ńlá wọn, orúkọ odò sì ni wọ́n fi ń sọ àwọn kékeré. Jintsu, odò kan tó ti àwọn òkè Gifu ṣàn gba Toyama lọ sínú Òkun Japan, ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ yìí.

Ilé iṣẹ́ Kawasaki ní Kobe ló kàn án. Ọdún 1922 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì wọṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1925. Gígùn rẹ̀ tó mítà 162, ìwúwo rẹ̀ ju 5,000 tọ́ọ̀nù lọ díẹ̀, ihò èéfín mẹ́rin tò sára rẹ̀, eré rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 65 láàrin wákàtí kan. Ìbọn ńlá méje ló ní, ti sẹ̀ǹtímítà 14. Nǹkan bí 450 èèyàn ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà tó wọṣẹ́. Sendai ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Naka sì ni àbúrò. Àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni wọ́n kàn nínú irú wọn.

Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Ní ọdún 1922 ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá jókòó ní Washington, tí wọ́n sì fẹnu kò sí iye ọkọ̀ ogun abìrìnkọ́ tí kálukú lè ní: bí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bá ní márùn-ún márùn-ún, kí Japan ní mẹ́ta. Àwọn ọ̀gágun Japan mọ̀ pé bí ogun bá dé, ọkọ̀ Amẹ́ríkà á gba gbogbo Òkun Pàsífíìkì kọjá wá bá wọn, àwọn á sì fi mẹ́ta dojú kọ márùn-ún. Ohun tí wọ́n rò ni pé kí àwọn destroyer lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà lóru, kí wọ́n fi tọ̀pídò gé wọn kù, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, márùn-ún á ti di mẹ́ta tàbí méjì.

Destroyer kò lè dá rìn lóru láàrin òkun. Ó nílò aṣíwájú. Kúrúsà kékeré ni aṣíwájú yẹn. Ọ̀gágun á wà lórí rẹ̀, òun á máa lọ níwájú, àwọn destroyer mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á tò tẹ̀ lé e. Wọ́n á pa gbogbo iná. Èyí tó wà lẹ́yìn á máa wo ìfófòó omi tí èyí tó wà níwájú ń ta sílẹ̀ kó má bàa sọnù. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá, aṣíwájú á tan iná ńlá rẹ̀ sí i lára, kí àwọn tó kù lè rí ibi tí wọ́n á ju ohun ìjà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọdẹ lóru á mọ̀ bó ṣe rí. Ọdẹ tó de àtùpà mọ́ orí a máa rí ojú ẹran tó ń dán nínú igbó. Ṣùgbọ́n kí ẹran náà ní ìbọn lọ́wọ́ ńkọ́?

Iṣẹ́ ẹni tó ń gbé àtùpà lọ níwájú nìyẹn. Kí a tó débi ogun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún 1927 fún yín, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni ìtàn Jintsu ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Ọ̀gágun Kato Hiroharu ló ń darí àpapọ̀ ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun Japan nígbà náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún yẹn dùn ún dé egungun, ó sì gbà pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ líle nìkan ló lè dí àlàfo tí ìwé àdéhùn ti là sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, ọdún 1927, ní Òkun Japan, nítòsí Mihonoseki ní ẹkùn Shimane, wọ́n ní kí àwọn kúrúsà àti destroyer máa ṣe bí ẹni ń bára wọn jà nínú òkùnkùn. Gbogbo iná ti kú. Eré ni wọ́n ń sá. Kò sí ràdá nígbà yẹn, ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ tó wà nínú òkùnkùn hàn. Ojú èèyàn lásán ni wọ́n fi ń wo òkun tó dúdú bí aṣọ.

Jintsu kọ lu destroyer Warabi níhà. Ẹ rántí ìwọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: Jintsu ju 5,000 tọ́ọ̀nù lọ, Warabi kò sì tó 1,000. Ó là á sí méjì, Warabi sì lọ sísàlẹ̀ òkun tòun ti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Naka ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó ṣe ní kóun yà fún ìjàǹbá tó wà níwájú, ló bá kọ lu destroyer mìíràn tó ń jẹ́ Ashi. Nígbà tí wọ́n ka òkú ọjọ́ náà tán, 119 ni.

Kò sí ọ̀tá kankan lórí omi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló pa ara wọn níbi eré ìdárayá ogun.

Ọ̀gá ọkọ̀ Jintsu ni Mizushiro Keiji. Wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun. Ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún náà, kí wọ́n tó ka ìdájọ́, ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ nípa Jintsu kí n fo ọkùnrin yìí kọjá. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọkọ̀ ogun a máa fi ìlà kan sọ ọ́, wọ́n á sì máa lọ sórí ìbọn àti eré. Àṣẹ ni wọ́n pa fún un pé kó sáré nínú òkùnkùn, ó sáré. Èèyàn kú. Àwọn tó pàṣẹ ń bá iṣẹ́ wọn lọ, òun ló ru ẹrù náà, ó rù ú dé ibojì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òru ò sì dúró. Wọ́n tún tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ ni.

Imú Jintsu ti rún. Wọ́n kan òmíràn fún un, tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí àwòrán ọkọ̀ náà, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò nìyẹn. Bí imú rẹ̀ bá rí roboto bíi ti ṣíbí, àwòrán ìgbà tí kò tíì gbá Warabi ni. Bí imú náà bá yọ ṣóńṣó síwájú tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ya sóde lókè, a ti ya á lẹ́yìn ọdún 1927. Ojú àpá náà wà lára rẹ̀ títí tó fi kú, ó kàn jẹ́ pé àpá tó rẹwà ni.

Láàrin àkókò yẹn sí ogun, ohun kan yí padà tó sọ àlá òru àwọn ará Japan di ohun tó ṣe é ṣe. Wọ́n ṣe tọ̀pídò tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní Type 93, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló ń lò dípò afẹ́fẹ́ lásán. Nítorí náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìfófòó tó ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú lè rí. Ó ń gbé nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù ẹ̀tù, ó sì lè lọ tó kìlómítà 40 bí wọ́n bá dín eré rẹ̀ kù. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní irú rẹ̀, Amẹ́ríkà ò sì mọ̀ pé ó wà. Kí ogun tó dé, wọ́n ti tún Jintsu ṣe kó lè máa lo irú tọ̀pídò yìí.

Nígbà tí bọ́ǹbù Japan já lu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ní oṣù kejìlá ọdún 1941, Jintsu ò sí níbẹ̀. Palau ló ti gbéra lọ sí Philippines, Ọ̀gágun Tanaka Raizo sì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí Ẹgbẹ́ Destroyer Kejì, èyí tí wọ́n kà sí ààyò láàrin àwọn ẹgbẹ́ destroyer Japan. Mi ò ní pẹ́ lórí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Davao, Jolo, Menado, Ambon, Timor: iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń sin àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun, àwọn ọmọ ogun ń sọ̀ kalẹ̀, ìlú ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìtàn àwọn tí wọ́n gba ìlú mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ tó ọ̀rọ̀ àsọyé tirẹ̀, ó sì burú jáì, pàápàá ti Ambon, níbi tí wọ́n ti pa àwọn ará Ọsirélíà tó ti juwọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 1942 ni ìjà gidi dé, ní Òkun Java. Karel Doorman, ọ̀gágun ará Holland, ló darí ọkọ̀ tí Holland, Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà dà pọ̀. Kúrúsà márùn-ún ni wọ́n ní. Japan ní kúrúsà ńlá méjì, Nachi àti Haguro, pẹ̀lú Jintsu àti Naka tí wọ́n kó àwọn destroyer wọn lẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ni ìjà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òru. Ẹ wá wò ó: gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí ọjọ́ pé, ojú oòrùn ni wọ́n ti bá ara wọn. Jintsu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ju tọ̀pídò láti òkèèrè, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ sì bá omi lọ lásán. Wọ́n bá Electra, destroyer Gẹ̀ẹ́sì, ta ìbọn síra nínú èéfín títí tí Electra fi rì. Òru ló tó parí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí tọ̀pídò Nachi àti Haguro gún De Ruyter àti Java. Doorman bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìròyìn ìjà yẹn nínú ilé iṣẹ́ ológun Japan lè sọ pé, ẹ ò rí i, òru ni tiwa.

Ní Midway, ní oṣù kẹfà, Jintsu ló ń sin àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun tí ìbá sọ̀ kalẹ̀ sórí erékùṣù náà. Bàálù Amẹ́ríkà rí wọn, wọ́n ju bọ́ǹbù sí wọn, tọ̀pídò kan ba ọkọ̀ epo jẹ́ lóru. Nígbà tí ọkọ̀ agbébàálù mẹ́rin ti Japan ti rì, kò sí iṣẹ́ mọ́, wọ́n bá yí padà sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà sí wọn ni Guadalcanal, erékùṣù kan ní Solomon. Amẹ́ríkà sọ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 1942, wọ́n sì gba pápá bàálù tí àwọn ará Japan ń kọ́ lọ́wọ́. Tanaka ni wọ́n ní kó máa kó ọmọ ogun lọ gba ibẹ̀ padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25, oṣù náà, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́ta tó kó ọmọ ogun nǹkan bí 1,500. Bàálù já láti ojú ọ̀run, láti inú pápá yẹn gan-an. Bọ́ǹbù kan bọ́ sí iwájú Jintsu, láàrin àwọn ìbọn rẹ̀. Èèyàn 24 kú. Tanaka fúnra rẹ̀ ṣubú, kò mọ ibi tó wà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ta jí, ọkọ̀ aṣíwájú ti ń jó, ó sì ní láti kó lọ sórí destroyer Kagero kó lè máa darí iṣẹ́. Kinryu Maru, tó kó púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun, gbiná. Destroyer Mutsuki sún mọ́ ọn láti kó èèyàn, bàálù Amẹ́ríkà sì rì òun náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí àwọn tó ń sọ ìtàn Jintsu sábà máa ń fò ó, wọ́n ní ọkọ̀ náà ò sí lójú ogun nígbà náà, ó wà níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Lóòótọ́ ni. Oṣù mélòó kan ló fi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ náà sọ nǹkan fún wa. Lálẹ́ ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 1942, ní Tassafaronga, létí Guadalcanal, Tanaka wà lórí destroyer Naganami, kò ní kúrúsà kankan. Destroyer mẹ́jọ péré ló kó lọ, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ru àgbá oúnjẹ sórí. Kúrúsà Amẹ́ríkà márùn-ún lúgọ dè wọ́n, wọ́n ní ràdá, àwọn ló sì kọ́kọ́ yìnbọn. Àwọn ará Japan ò tanná. Ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ yin ìbọn, nítorí iná ẹnu ìbọn náà ń fi èèyàn hàn. Tọ̀pídò ni wọ́n jù sínú omi, wọ́n sì yí padà. Northampton rì, Minneapolis, New Orleans àti Pensacola bàjẹ́ débi pé ó gba oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó tún ojú ogun rí. Destroyer kan ṣoṣo ni Japan pàdánù, Takanami. Takanami ló yìnbọn padà sí wọn lójú hàn-án, òun náà sì ni gbogbo ìbọn Amẹ́ríkà wá rọ́ lù.

Nítorí náà, kí ọdún 1942 tó parí, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó: ẹni tó farapamọ́ nínú òkùnkùn ń ṣẹ́gun, ẹni tó fi ara rẹ̀ hàn ń kú. Tanaka, tó ṣe é, kò sì pẹ́ mọ́ lójú ogun òkun. Ó máa ń sọ òótọ́ tó korò fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì gbé e kúrò. Nígbà tí Jintsu fi padà sójú ogun ní ọdún 1943, kò pẹ́ tí Ẹgbẹ́ Destroyer Kejì fi bọ́ sábẹ́ Ọ̀gágun Izaki Shunji. Sato Torajiro ni ọ̀gá ọkọ̀ náà.

Ní oṣù keje ọdún 1943, ìjà ti kúrò ní Guadalcanal, ó ti dé New Georgia, erékùṣù mìíràn ní Solomon. Japan ń fi òru kó ọmọ ogun wọlé, Amẹ́ríkà ń fi òru dènà. Ní ọjọ́ 6, ní Kula Gulf, Ọ̀gágun Walden Ainsworth ti bá wọn pàdé lẹ́ẹ̀kan, ó sì pàdánù kúrúsà Helena sí tọ̀pídò. Wọ́n fi Leander, kúrúsà New Zealand, rọ́pò Helena. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ní alẹ́ ọjọ́ 12, Ainsworth tún jáde pẹ̀lú Honolulu, St. Louis àti Leander, destroyer mẹ́wàá sì wà pẹ̀lú wọn.

Izaki ń bọ̀ láti apá àríwá. Jintsu ló wà níwájú, destroyer márùn-ún tẹ̀ lé e, Mikazuki, Yukikaze, Hamakaze, Kiyonami àti Yugure. Àwọn destroyer mẹ́rin mìíràn yà sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọmọ ogun 1,200 tí wọ́n fẹ́ já sí Kolombangara.

Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, wọ́n máa ń sọ pé Amẹ́ríkà ní ràdá, Japan ò ní, ó parí. Kò parí síbẹ̀. Bàálù Amẹ́ríkà kan rí Izaki, ó sì ránṣẹ́ sí Ainsworth. Ainsworth gbà pé òun á bá wọn lójijì. Ṣùgbọ́n àwọn ará Japan ti ní ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ràdá ẹlòmíràn bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì ṣáájú ìjà tí wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀tá wà nítòsí, wọ́n sì ń tọ ipa rẹ̀. Ràdá náà iná ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ò rí i. Àwọn Amẹ́ríkà ti tan tiwọn tipẹ́, wọn ò kàn mọ̀ pé wọ́n ń rí wọn ni.

Aago kan òru kọjá ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ. Àwọn ará Japan ti ju tọ̀pídò sínú omi. Jintsu wá tan iná ńlá rẹ̀ sára ọkọ̀ Ainsworth, ó sì yìnbọn.

Ìmọ́lẹ̀ náà tàn gba orí omi lọ, gbọọrọ, funfun. Gbogbo ẹni tó wà lórí Honolulu, St. Louis àti Leander ló mọ ibi tó ti ń wá. Kúrúsà mẹ́ta ló dojú ìbọn kọ ọ̀kan ṣoṣo. Ọta ìbọn tí wọ́n yìn lóru yẹn ju 2,600 lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ti sẹ̀ǹtímítà 15, ràdá ló sì ń sọ fún wọn ibi tó ń bọ́ sí. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ìtọ́kọ̀ Jintsu ti bàjẹ́. Ọta bọ́ sí yàrá àṣẹ lókè, ó pa Izaki, ó pa Sato. Ọkọ̀ náà ò ní ọ̀gágun mọ́, kò ní ọ̀gá ọkọ̀, kò lè yí sọ́tùn-ún, kò lè yí sósì. Tọ̀pídò destroyer Amẹ́ríkà wá bá a. Ó ṣẹ́ sí méjì.

Ní gbogbo àkókò tí ojú wọn wà lára Jintsu, tọ̀pídò tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bọ̀ nínú omi. Ọ̀kan gún Leander. Ó bà á jẹ́ débi pé kò tún padà sójú ogun mọ́. Ó dé Boston kí wọ́n tó rí i tún ṣe tán.

Àwọn destroyer Japan sá sẹ́yìn sínú òkùnkùn. Wọ́n tún tọ̀pídò kì láàrin ìṣẹ́jú 18, ohun tí kò sí destroyer Amẹ́ríkà kankan tó lè ṣe é, wọ́n sì padà wá. Ainsworth rí ọkọ̀ lójú ràdá rẹ̀, àmọ́ kò dá a lójú bóyá destroyer tirẹ̀ tó rán lọ ṣáájú ni tàbí ọ̀tá. Ó ń rò ó lọ́wọ́. Ràdá lè fi ọkọ̀ hàn èèyàn, kò lè sọ fún un pé ti ta ni. Nígbà tó fi pinnu, tọ̀pídò ti wà lójú ọ̀nà. St. Louis gbà á ní imú, Honolulu náà gbà á ní imú, destroyer Gwin gbà á láàrin, àwọn ará rẹ̀ ló sì fọwọ́ ara wọn rì í nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ní òdìkejì, ọmọ ogun 1,200 sọ̀ kalẹ̀ sí Kolombangara láìsí ẹni tó dí wọn lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fi ìwé kà á, Japan ló borí. Ọkọ̀ kan ni wọ́n pàdánù, wọ́n ba kúrúsà mẹ́ta jẹ́, wọ́n rì destroyer kan, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ jáde sì yọrí. Iná tí Jintsu tàn ṣe ohun tí àwọn tó ronú rẹ̀ ní ọdún 1922 fẹ́ kó ṣe: ó fi ọ̀tá hàn, ó sì fa ojú ọ̀tá mọ́ra. Mi ò rò pé Izaki ò mọ ohun tó lè tìdí rẹ̀ yọ. Ohun tí mo lòdì sí ni ọgbọ́n tó ka èèyàn ọkọ̀ kan odidi sí òwú àtùpà, tí yóò jó kí ẹlòmíràn lè ríran. Tanaka ti fi hàn wọ́n ní Tassafaronga pé kò pọn dandan. Tọ̀pídò ti wà nínú omi ní Kolombangara kí iná tó tàn.

Ọkọ̀ abẹ́ omi Japan kan, I-180, rí èèyàn 21 kó nínú omi. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kó àwọn díẹ̀. Wọ́n gbé Izaki ga ní ipò lẹ́yìn ikú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bàálù rì Kiyonami àti Yugure. Mikazuki náà ò rí oṣù náà já. Ní ọjọ́ 2, oṣù kọkànlá, Sendai, ẹ̀gbọ́n Jintsu, ṣíwájú àwọn destroyer tirẹ̀ wọ Empress Augusta Bay lóru. Ràdá rí òun kọ́kọ́, ìbọn gbogbo sì rọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bíi ti àbúrò rẹ̀. Naka nìkan ni kò kú lóru: ojú ọ̀sán ni bàálù bá a nítòsí Truk, ní oṣù kejì ọdún 1944. Nínú gbogbo àwọn tó bá Jintsu jáde lọ ja ìjà òru yẹn, Yukikaze nìkan ló rí òpin ogun.

Àwọn ọmọ ogun 1,200 náà ńkọ́? Amẹ́ríkà ò wá bá wọn ní Kolombangara. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1943, wọ́n kọjá lára erékùṣù náà, wọ́n sọ̀ sí Vella Lavella tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì fi àwọn tó wà ní Kolombangara sílẹ̀ níbẹ̀ láìjagun. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, destroyer àti ọkọ̀ pẹlẹbẹ Japan tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ lóru, láìtanná, láti kó wọn kúrò.